Búrẹ́dì Ìyàwó Tí Bàbá Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pò

Abúlé Kastaniá,
Erékùṣù Kírétè.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Kalliopi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ewu ọmọ o, ìwọ àti bàbá ọmọ! Ṣé ara rẹ ti ń padà bọ̀ sípò? Ṣé ìkókó ń jẹ́ kí ẹ sùn? Màmá rẹ ní irun orí rẹ̀ kún bíi ti àgùntàn bàbá mi, ẹ̀rín pa mí. Mi ò bínú rárá pé o ò wá síbi ìgbéyàwó wa. Ta ní máa gbé ọmọ tuntun wọ ọkọ̀ ojú omi? Ṣùgbọ́n jókòó kí n rò fún ẹ.

O mọ̀ pé kò sí ìyàwó tó jáde nílé wa láìsí búrẹ́dì ìyàwó, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe òdòdó àti ẹyẹ sí lára. Ìyá mi ì bá ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí mọ́. Ni èmi àti Garifalia bá lọ bá Ìyáàfin Evanthia tó ń ṣe é tà nílùú. Ó yọ̀ mọ́ wa, ó sì po kọfí fún wa. Nígbà tí mo ní kó kọ orúkọ àwa méjèèjì sí i, ló bá figbe ta.

“Ìyàwó méjì nílé kan lọ́jọ́ kan? Èèwọ̀! Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í ṣègbéyàwó lọ́dún kan náà. Kí ọ̀kan nínú yín dúró di àmọ́dún!”

Garifalia rẹ́rìn-ín títí. “Rárá o, màmá, a kì í ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Àwa méjèèjì la fẹ́ fẹ́ra wa.”

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó kó ife kọfí kúrò níwájú wa, a ò tíì mu ún tán. Ó ní ọwọ́ òun ò ní lè pò ó.

Ó dùn mí wọra, Kalliopi. Mo sunkún nínú ọkọ̀. Kì í ṣe pé búrẹ́dì ọ̀hún dùn, ó le bí òkúta. Àmọ́ tí mi ò bá ní in, ṣé mo jáde nílé bàbá mi bí ìyàwó nìyẹn?

Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ Garifalia fún bàbá mi, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń bá mi sọ. Nígbà tí mo ròyìn ohun tí Ìyáàfin Evanthia ṣe fún un, ó kàn dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Mo rò pé ó bínú sí mi ni. Àṣé ọ̀dọ̀ àǹtí mi Stamatia ló lọ, pé kó wá kọ́ òun! Bàbá mi, tí kò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rí láyé rẹ̀! Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé kọfí.

“Manousos, ìgbà wo lo máa wé gèlè?”

Ó ní, “Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jù kò ní jẹ ẹran mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó.”

Sísọ́ọ̀sì tó fi ń rẹ́ irun àgùntàn ló fi gé ọ̀ṣọ́ búrẹ́dì náà. Ẹyẹ rẹ̀ wọ́, òdòdó rẹ̀ jó lápá kan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e ṣíwájú wa lọ sí ọ́fíìsì alága ìlú. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyáàfin Evanthia, mo rí obìnrin náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò wá. Mo rọra sọ fún bàbá mi pé kó jẹ́ ká fi aṣọ bo búrẹ́dì náà títí a ó fi kọjá.

Bàbá mi dúró gbọin-gbọin láàárín títì.

“Kí ni mo fẹ́ bò?” Ohùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. “Ọmọ mi ló ń ṣègbéyàwó!”

Garifalia ní kí n kí yín. Bá mi fi ẹnu ko ìkókó lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o sì bá mi kí bàbá ọmọ dáadáa.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, ìyàwó tuntun,
Rodanthi, ọmọ Manousos.