Oògùn Ẹ̀wà Tí Ìyá Mi Pò

Bàbá mi tí mo bẹ̀rù títí ẹ fi kú,

Ẹ̀rù náà ti tán. Mo ti lò ju ọdún tí ẹ lò láyé lọ, òkú kì í sì í fi pàṣán na èèyàn. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ èébú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sin Ràfátù, ìyàwó ọmọ mi tó lóyún, lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìsẹ́yìn. Èmi nìkan ni ọkùnrin láàárín àwọn aboyún. Mo ní kí nọ́ọ̀sì wọn ikùn tèmi náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá kọ́ wa pé bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà nínú oyún, àwọn èròjà kan ń jíṣẹ́ kiri inú rẹ̀. Àwọn ló ń darí ibi tí iṣan kọ̀ọ̀kan máa gbà àti èyí tó máa so mọ́, bí ẹni ń ta òwú aṣọ òkè. Ó ní oògùn apakòkòrò lè da iṣẹ́ wọn rú, kí aboyún má ṣe sún mọ́ ọn.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ìyá mi lóyún Làmídì, àbúrò mi? Àwọn lẹ ní kí wọ́n máa po oògùn ẹ̀wà, apakòkòrò tí ẹ ń fín sí ẹ̀wà, lóko Òkaka, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń pò ó. Ẹ tún fi eérú fọ agolo rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ife omi. Nígbà tí Làmídì pé ọdún méje tí kò lè ka oókan dé ẹẹ́wàá, ẹ ní ìdílé òpè ni ìyá mi ti wá. Ẹ na ọmọ náà títí ó fi ń tọ̀ sára bó bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ yín.

Nọ́ọ̀sì kò lè sọ pé oògùn yẹn ló ṣe é. Ẹ̀yin náà kò mọ̀. Kí ló wá dé tí ẹ dájọ́?

Ọmọ mi, tó fìwà jọ yín, ti ní Ràfátù ni yóò po oògùn lóko lọ́la. Mo bá fi ìṣó lu táǹkì tó fi ń fín in ní ihò mẹ́rin. Kó wá nà mí. Làmídì ló bá mi di táǹkì náà mú. Nígbà tó bi mí ìdí rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ẹ̀bi màámi nìyẹn?”

Ẹ gbọ́! Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún!

Ẹ wá ìyá mi lọ lọ́run níbẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Títí dìgbà náà, bí mo bá ń ṣe àdúrà fún òkú ní ọjọ́ Jímọ̀, tiwọn nìkan ni mo máa ṣe.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì ṣe tán láti forí jì yín.