Máàkì Tí Mo Gbà Nínú Fọ́ọ̀mù Oyún Rẹ

Àsmá'ù ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kí ọ láti Ìnísà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ikùn ńkọ́? Abdul-Rahim ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti dé láti Kumasi tó ti ń tajà, àbí ó tún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ìṣe rẹ̀? Ọlọ́hun á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, Nima ní Accra tó o wà á tù ọ́ lára. Àmín.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù mọ́. Ìwọ lo sọ pé nọ́ọ̀sì ní bí ọkàn aboyún ò bá balẹ̀, omi kan wà nínú ara tí ìjáyà máa ń tú jáde, á wọnú ẹ̀jẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ara ọmọ á sì ti kọ́ ìjáyà kó tó wáyé, tó bá dàgbà tán, nǹkan kékeré á máa já a láyà. Mo wá rò ó pé ohùn mi kì í rọlẹ̀ lórí fóònù, etí rẹ ló sì ń gbà á kó tó sọ̀kalẹ̀ sínú ikùn. Ìwé kì í pariwo. Ilé dára. Mi ò ní sọ fún ọ pé atẹ́gùn ti ká páànù ilé ìdáná lọ, nítorí ọmọ inú rẹ, mi ò sì ní dárúkọ ewúrẹ́ tó kú rárá. Fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí dókítà yín ní kí ìyá aboyún dáhùn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Orí fóònù Tíṣà Olúkúnlé ló wọlé sí, torí fóònù tèmi ò ní ojú tó fi ń rí àwòrán. O mọ̀ pé ó ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Wọ́n ní kí n rántí ìgbà tí mo lóyún ìwọ Àsmá'ù. Ṣé ẹ̀rù máa ń bà mí? Ṣé mo máa ń sunkún? Ṣé nǹkan máa ń kọjá agbára mi? Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ láti òdo títí dé mẹ́rin. Mo bi Tíṣà pé èwo ló ga jù, ó ní mẹ́rin. Mo ní kó fún mi ní mẹ́rin. Ó ní kì í ṣe ìdánwò o, pé òdo gan-an ló dára jù. Háà! Ẹni tó nà ọ́ lẹ́gba mẹ́fà nítorí òdo nínú ìṣirò! Mo ní kó má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ní Accra, mẹ́rin ni kó máa kọ lọ.

Má sì rò pé mo jí máàkì náà. Nígbà tí mo lóyún rẹ, bàbá rẹ, Ọlọ́hun á forí jì í, ń ta abọ́ ní Jamestown, ní Accra yín níbẹ̀, odindi oṣù méje, kò kọ lẹ́tà, kò ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ wá ń sọ káàkiri àdúgbò pé oyún tí ọkọ ò béèrè, ta ló mọ ẹni tó ni ín. Mò ń ṣẹ́gi, mò ń pọnmi, bí ilẹ̀kùn bá ti dún báyìí, màá ta gìrì pé bàbá rẹ ló dé. O ti bi mí rí pé kí ló dé tí àyà rẹ fi máa ń já bí ilẹ̀kùn bá dún. Mo ní bí Ọlọ́hun ṣe dá ọ nìyẹn.

Ìyá tèmi náà ńkọ́? Oyún mi ló gbé wọnú lọ́rì lọ́dún 1969 tí wọ́n ní kí àwa àlejò kó kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Accra kan náà ló wá ń béèrè lónìí pé ṣé ọkàn wa balẹ̀. Ẹ kú àánú o! Mo ní kí Tíṣà kọ ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó ní fọ́ọ̀mù inú fóònù ò lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti òwú tí wọ́n fẹ́ fi gba itọ́ ọmọ náà tó bá pé oṣù méjì, kí wọ́n fi wo bí ìjáyà ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ìyókù padà. Itọ́ ọmọ wa ò gbọdọ̀ sun ìta.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ti gba òdo. Wọ́n ní nígbà tí ọkàn mi dàrú, ṣé ẹnì kan máa ń jókòó tì mí. Tíṣà fúnra rẹ̀ fẹ́ fún mi ní méjì, mo ní rárá, kó kọ òdo. Dárí jì mí, Àsmá'ù. Mi ò mọ̀ pé o ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ibẹ̀.

Nítorí náà, bá mi fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti owó tí màá fi jẹun lójú ọ̀nà, àti ti bàtà, torí mi ò lè wọ eléyìí dé iwájú dókítà. Má fi sí báńkì o, wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀, ọwọ́ Tíṣà ni kó gbà. Mò ń bọ̀ wá jókòó tì ọ́ títí wàá fi bímọ. Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù tìrẹ dé lọ́jọ́ iwájú, ìbéèrè yẹn ni kó o ti gba mẹ́rin.

Ọlọ́hun á tu ìwọ àti ọmọ inú rẹ lára, ayọ̀ ni a ó fi gbé e pọ̀n. Bí o bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún, má ta gìrì. Èmi ni.

Ìyá rẹ,
Àmínátù