Òrìṣà Tí Mo Fi Ẹ̀kọ́ Ilé Wa Ṣe

Màámi,

Mo mọ̀ pé ojú yín ti wà lọ́nà. Ara mi yá, mo ń jẹun dáadáa. Kò sí ohun tó ń dùn wá ní Àbíjàn.

Iṣẹ́ tí mo sọ fún yín náà ni. Ọ̀gá wa ń ṣe géèmù, èmi ni mo ń ro àwọn òrìṣà inú rẹ̀ àti èèwọ̀ wọn. Ẹ má sọ fún àáfà. Eré lásán ni.

Èyí tí ọ̀gá fẹ́ràn jù, ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ wa ní Ẹ̀jìgbò ni mo fi ṣe òfin rẹ̀: ọmọ kì í jáde nílé láìdágbére, kò sì gbọdọ̀ lọ títí àgbà yóò fi dá a lóhùn.

Ọ̀gá ti gbé ère rẹ̀ sẹ́nu géètì. Láràárọ̀ la ń kúnlẹ̀ dágbére fún un. Igi kì í kúkú sọ̀rọ̀, a ó sì padà wọlé. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Bàṣírù tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín; ó fo ògiri. Ọ̀gá ní ó ti délé. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ère náà.

Wọ́n gba fóònù wa, kí ọkàn wa lè wà lórí iṣẹ́. Wàhábì awakọ̀ tó gbé gàrí yín wá ṣì wà níta. Ojú fèrèsé ni mo ti máa ju lẹ́tà yìí sí i.

Ẹ bá mi kí Títílọpẹ́ àbúrò mi.

Ó dàbọ̀, Màámi. Mo ti dágbére. Ẹ̀yin ni àgbà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ràshídátù yín