Fíìmù Tí Bàbá Rẹ Ń Túmọ̀ fún Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́ láti ilé. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òkun kò mì yín jù nínú ọkọ̀ tí ẹ wà? Ní tèmi, kò sóhun tó ń ṣe mí, àyàfi orúnkún tó máa ń ṣàròyé bí mo bá gun àtẹ̀gùn. Ilé ṣì dákẹ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, àmọ́ láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo ti ń sùn dáadáa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú kálámù.

Ṣé o rántí gbọ̀ngàn sinimá ìkángun àdúgbò wa, tí wọ́n sọ di ibi ìkẹ́rùsí? Wọ́n ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ló gbà á. Ó kun ògiri, ó to àga, ó ní fíìmù àtijọ́ lòun yóò máa fi hàn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè rí bí ayé ṣe rí kí wọ́n tó dé. Ọmọlúàbí ni. Àmọ́ nígbà tó dárúkọ fíìmù tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Fíìmù ọkùnrin tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ni, èyí tí bàbá rẹ fi lókìkí. Ó tún mú ìwé ìtàn tí wọ́n ti yọ fíìmù náà wá fún mi, ó ní wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, àti pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà yóò máa hàn ní kíkọ nísàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ó rí bí ọkọ yín ṣe mọ iṣẹ́ tó!" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo gba ìwé náà.

Wọn kò tíì bí ọ nígbà náà, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè àwọn ará fíìmù yẹn ládùúgbò wa. Bàbá rẹ ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí pé ohùn wọn ròkè, ọ̀gá gbọ̀ngàn ní kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, kí wọ́n máa ṣe ògbufọ̀ fún èrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Gbohùngbohùn. Bí ọkùnrin fíìmù bá ṣí fìlà, bàbá rẹ á pariwo pé, "Ẹ má bínú sí i o! Ilẹ̀ wọn tutù, fìlà ni wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀!" Gbogbo ilé á hó yèè. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà. Wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, wọ́n ní, "Ojú wọn ni mò ń kà, ìyàwó mi." Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní bí fíìmù yẹn bá padà wá, kí n má lọ, kí èèyàn má bàa pe àwọn ní òpùrọ́ lójú mi. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ wọn kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo lọ. Mo rò ó pé bí wọ́n bá fẹ́ bú bàbá rẹ, ó yẹ kí ẹni wọn kan wà níbẹ̀.

Gbogbo àgbà àdúgbò ló pé síbẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, mo tún rí áyọ́ọ̀nù tó ń gbóná lórí ẹyin iná, obìnrin tó ń fi ìka tó tutọ́ sí dán an wò kó tó lọ aṣọ, bàtà ọmọdé tí wọ́n fi okùn so. Nígbà tó yá, ó kan ibi tí ọkùnrin náà ti wọ ọkọ̀, tí obìnrin náà dúró lójú fèrèsé tó ń sunkún. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni pé ọkọ rẹ̀ ni, ó ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Káfíńtà àgbà tó kan ibùsùn tí a bí ọ sí fò dìde. "Irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni! Oògùn ìyá wọn ló ń lọ wá!"

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì dá a lóhùn láti iwájú: "Ẹ̀gbọ́n wo? Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni, ogun ló ń lọ. Etí mi méjèèjì yìí ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu Gbohùngbohùn!"

Káfíńtà ní, "Èmi náà ńkọ́? Ẹnu Gbohùngbohùn ni mo ti gbọ́ tèmi!"

Mo ní, ó parí, aṣírí ti tú. Omi ń bọ́ lójú mi. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó yíjú sí mi. "Ìyàwó Gbohùngbohùn, kí ni ẹkún? Àbí o rò pé a kò mọ̀ ni? Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, níbo ló ti fẹ́ gbọ́ èdè òkèèrè?" Káfíńtà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Kí lo rò pé ó ń gbé wa wá wo fíìmù kan ṣoṣo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? A fẹ́ mọ ẹni tí ọkùnrin yẹn máa jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí ni!"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Ọ̀sẹ̀ tí ibà gbòde ni ọkùnrin náà lọ wá oògùn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ sójú ogun, ó di ológun, bàbá rẹ sì búra fún gbogbo ilé pé yóò padà wálé láàyè. Olùtọ́jú ilé ìkàwé pa ohùn fíìmù náà, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ó ní òun rò pé ayé àwọn ará ibẹ̀ lòun fẹ́ fi hàn wá, òun kò mọ̀ pé tiwa náà wà nínú rẹ̀.

Ọmọ mi, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ohun kan ló ṣì ń dùn mí, pé bàbá rẹ gbé ẹ̀rù yẹn lọ, tí kò sì sí ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Àwọn èèyàn wọn ti dárí jì wọ́n kí wọ́n tó ṣẹ̀.

Kí òkun tó gbé ọ lọ gbé ọ padà fún mi. Ojú kò ní tì ọ́ láwùjọ, ẹni rere ni wàá máa bá pàdé, ìròyìn ayọ̀ nìkan ni a ó máa gbọ́ nípa ara wa.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń ṣọ́nà fún ọ.

Àlẹ̀mọ́: Mo ti ka ìwé náà kọjá ìdajì. Ó dùn, ẹni tó kọ ọ́ gbìyànjú. Àmọ́ ìyá àgbà tí bàbá rẹ máa ń sọ pé ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú fíìmù náà, tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé, n kò tíì bá a pàdé. Mo ṣì ń wá a.