Iṣu Tí A Gbé Lọ Bẹ Kọ̀ǹpútà

Odólù,
Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Juliet, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Okun o. Ṣé dáadáa ni ẹ wà ní Ìlọrin? Oyèbánjí ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ọmọ ti hu eyín? Màmá mi ń kí ọ. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ló ń dá wa lágara. Ọwọ́ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí mo fẹ́ kí ojú ènìyàn kà mí lẹ́ẹ̀kan.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti sin ìjọba tán ni mo ti jókòó sílé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kajú ní Lọ́kọ́ja ń wá akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí, mo sì fi CV mi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tòun ti fọ́tò àti ilà aláràbarà. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ti ní kí n má bínú.

Bàbá Josiah, àbúrò bàbá mi, ní ọ̀nà kan ò wọjà. Wọ́n di iṣu tuntun, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ní kì í ṣe òun, kọ̀ǹpútà ló ń ka CV. Bàbá Josiah bi í pé, "Ará ibo ni? Àgbà ilé wọn ńkọ́, tí a lè lọ bẹ̀?" Nígbà tó yé wọn, wọ́n ní ohun tí kò lẹ́bí kò lè ṣàánú ènìyàn. Síbẹ̀, wọn kò gbé iṣu padà wálé.

Nígbà tí ìkéde náà tún jáde, mo ṣe bí o ṣe kọ́ mi lórí fóònù. Mo yọ fọ́tò, mo yọ ilà, mo kó ọ̀rọ̀ inú ìkéde wọn, mo fi dá wọn lóhùn. Kẹ́ẹ̀gì epo tí màmá mi ń tà, tó wà lábẹ́ ibùsùn, di "ìṣàkóso ọjà inú àká". Irọ́ kọ́, àmọ́ ojú tì mí. Kọ̀ǹpútà gbà mí wọlé lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀gá wo orúkọ mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ìwọ lọmọ bàbá oníṣu ọjọ́sí?" Mo ní èmi ni. Ó ní iṣu náà dùn, kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá Josiah ti sọ fún gbogbo Odólù pé iṣu àwọn ló gbaṣẹ́. Èmi rò pé ọgbọ́n tìrẹ ni. Inú mi dùn, màmá mi á rí oògùn lò. Ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Juliet, kò tíì sí ẹni tó bi mí bóyá mo mọ iṣẹ́ náà.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kọ̀,
Rejoice Bámigbóyè