Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Orúkọ Yín Bò

Bàbá mi tí mo ṣẹ̀,

Mo bí ọkùnrin ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú yín. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wọ́ sínú. Ẹ̀rù bà mí pé ìyá ọkọ mi yóò bi mí ní ohun tí mo jẹ nígbà oyún, ni mo bá tètè sọ pé ẹ̀yin lẹ padà wá, pé ẹsẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ yín lẹ mú bọ̀.

Bí mọ́ yín kẹ̀! Ará Ọ̀fàdà ni ẹbí ọkọ mi, wọn ò mọ̀ yín nígbà tí ẹsẹ̀ yín pé. Èmi ni mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ló gbé yín ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìjemọ̀, tó sì ṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀, nígbà tí ẹ ń gbé mi lọ ṣe ìdánwò, tí mo ń jó lẹ́yìn yín pé ká sáré. Ẹ kò bá mi wí. Iyanrìn ara yúnífọ́ọ̀mù mi lẹ ń gbọ̀n.

Wọ́n sọ ọmọ ní Babátúndé. Láràárọ̀ ni ìyá ọkọ mi ń kúnlẹ̀ kí i: "Ẹ káàárọ̀ o, àna mi. Ẹ tọ̀ sí mi lára lánàá, ẹ rọra ṣe lónìí." Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Mo yọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní nígbà tí ọmọ ṣì ń dàgbà nínú ikùn, iṣan tín-ín-tín tó ń ti inú ọpọlọ lọ sára máa ń tú nǹkan jáde, bóyá purotéènì bíi ti inú ẹyin, tí iṣan mìíràn fi ń mọ ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá a, kò tíì lórúkọ. Ó fura pé ibẹ̀ ni ti ọmọ mi ti yà. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá tètè fi pílásítà tí wọ́n fi ń di eegun dì í, ẹsẹ̀ á nà.

Nǹkan tí kò ju omi ẹyin lọ ń fi ọ̀nà han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo kàwé, irọ́ ni mo pa.

Mo sọ ohun tí dókítà wí, ìyá ọkọ mi kọ̀. "Ta ló ń di àgbàlagbà bí ewúrẹ́? Ìyàwó, fi bàbá ẹ sílẹ̀ o!"

Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo jẹ́wọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Ìyá ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

"O ṣẹ́ ẹsẹ̀ bàbá ẹ, o tún fẹ́ fi irọ́ ba tọmọ ẹ jẹ́?"

Àwọn fúnra wọn ló pọn ọmọ lọ sí ọsibítù. Dókítà ti di ẹsẹ̀ náà. Ó ń ké ní yàrá kejì, ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n gbé e. Ṣé ẹ̀yin á jẹ́ kí n gbé e, Bàbá?

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí kò lè wo àwòrán yín lójú.