Gìtá Tí Mi Ò Gbọ́

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹsàn-án
Ó rẹ̀ mí. Ilé Kusnadi ni mo ti ń bọ̀ — Ọ̀jọ̀gbọ́n là ń pè é, ẹni tí kò ka ìwé mẹ́fà tán. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni kálukú wa ń mú àwo orin kan wá. Àwo Kabut ni mo mú lọ, ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ìlú Bandung ìgbà èwe wa. Àríyànjiyàn àtọdúnmọ́dún náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì onírun gígùn ni wọ́n ti jí orin rọ́ọ̀kì wọn. Ó ní irọ́ ni, ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa tó ń ta kecapi olókùn ilẹ̀ wa ni. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ gìtá tó ń rọra dún lẹ́yìn ohùn ni? Gìtá wo? Ìlù àti ariwo ni mo gbọ́. Ó ní, "Darma, tó bá jẹ́ ìjà lo fẹ́, sọ ọ́. Má fi àwo purọ́."

Oníranù.

Ọjọ́rú, 4
Rostika ìyàwó mi ń bínú. Apá ọ̀tún mi ló máa ń jókòó sí nídìí tábìlì. Ó ní òun ń sọ̀rọ̀, mo kàn ń jẹ ẹ̀wà tempe mi lọ. "Bàbá Wulan, tí ọ̀rọ̀ mi bá ti sú yín, ẹ wí." Mi ò gbọ́ nǹkan kan, kí Ọlọ́run jẹ́rìí mi. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ìlú Majalaya ni mo fi gbogbo èwe mi gbọ́. Bóyá ó ti rẹ etí náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Òjò. Mi ò gbọ́ orin kankan.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Ológbò Kusnadi sùn sórí àga mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀, kò jí i — ó lóyún, ó ní. Ó fún mi ní àga tirẹ̀ tó kọjú sí tèmi, òun jókòó sórí àpótí. Sípíkà tó máa ń wà lápá ọ̀tún mi wá bọ́ sí etí òsì. Ó tún fi àwo Kabut sí i.

Gìtá náà wà níbẹ̀. Ta, ta, ta — bí bàbá mi ṣe ń ta kecapi níbi ìgbéyàwó gan-an. Omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fò sókè. "Ẹ̀n-ẹ́n! O ti gbà?" Mo ní mo gbà. Mo wá fi ìka di etí òsì, kí n fi dán ọ̀tún wò. Kẹ́kẹ́ pa. Àwo ń yí lójú mi, orin ò sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ó rí ìka mi. Kò yọ̀ mọ́. Ó ní, "Àga mi ni kó o máa jókòó sí láti òní."

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo gbé àga mi yípo tábìlì, kí Rostika lè bọ́ sí apá òsì mi. Ó ní kí ló dé? Mo ní etí ọ̀tún ti kú.

Ó ní, "Gbogbo ohun tí mo ti ń bá yín sọ ńkọ́?"

Mo ní kó tún un sọ.

Ó ní ó pọ̀.

Mo ní mo ti jókòó.